Ta Ni Yóò Kọ́ Wọn, Ìwé Ẹ̀rí Ta Ni Wọn Yóò Gbà? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ètò Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ogúnléndé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọnú iṣẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ogun kò ní jà wá, ọ̀tẹ̀ kò ní lé wa kúrò nílé. Ẹ ṣe àmín o. Àmọ́ níbi tí ogun ti jà, níbi tí omíyalé ti gbé ilé lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ro ti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo bá wá síwájú yín lónìí: alákòóso ètò ẹ̀kọ́ nínú àjọ aṣèrànwọ́. Kí ló ń ṣe? Báwo ló ṣe ń ṣe é? Níbo ni iṣẹ́ náà ti máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé, omi, oúnjẹ, òrùlé àti oògùn là ń lé kiri. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti àwọn ìyá inú ibùdó ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè: "Ilé ìwé ńkọ́?" Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin kí ogun tó dé kò dẹ́kun dídàgbà nítorí pé ogun dé. Bí ọdún méjì bá kọjá lórí rẹ̀ lásán, a ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ọmọ ogun, fún ẹni tó ń wá ọmọdébìnrin fẹ́, fún ẹni tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ní san kọ́bọ̀ fún.

Ṣé àánú wá ni ẹ̀kọ́ yìí? Rárá o, ẹ̀tọ́ ni. Àdéhùn Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé, èyí tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1951, sọ ní abala 22 pé bí ìjọba bá ti ń ṣe fún ọmọ onílùú nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe fún ọmọ ogúnléndé. Ní ti àwọn tó sá kúrò nílé tí wọn kò kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè wọn, Ìlànà Atọ́nà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1998 sọ tiwọn ní ìlànà 23. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní Àdéhùn Kampala ti 2009 fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Mo mẹ́nu kan òfin wọ̀nyí nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì ìjọba yóò sọ fún yín pé kò sí àyè fún irú àwọn ọmọ báyìí. Ẹ mọ ibi tí ẹ ó nawọ́ sí.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìbéèrè méjì lọ. Kí ẹ tó béèrè fún àgọ́ ẹyọ kan, kí ẹ tó ra báàgì ẹyọ kan, ẹ wá ìdáhùn sí wọn. Ìkíní: ta ni yóò kọ́ ọmọ yìí? Ìkejì: nígbà tó bá kàwé tán, ìwé ẹ̀rí ta ni yóò gbà, ta ni yóò sì ka ìwé ẹ̀rí náà sí? Àgọ́ ṣeé rà. Báàgì ṣeé rà. Àwọn méjì tí mo sọ yìí kò sí lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà nílẹ̀

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àjọ kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ tí alákòóso tuntun sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ni tábìlì tó yẹ kó lọ jókòó sí. Bí àwọn ènìyàn bá ti kọjá ẹnubodè, UNHCR, àjọ tó ń bójú tó ogúnléndé lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni yóò ṣíwájú pẹ̀lú ìjọba orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ inú orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ṣì wà, ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan ètò ẹ̀kọ́ ló ń ṣe é. UNICEF, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àwọn ọmọdé, àti àjọ aṣèrànwọ́ Save the Children ló jọ ń darí ìgbìmọ̀ yẹn ní ìpele àgbáyé, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba sì máa ń wà lórí àga ìpàdé ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ sí tábìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè fi oṣù méjì ṣòfò.

Kí ni wọ́n ń ṣe nípàdé? Fọ́ọ̀mù kan wà tí gbogbo àjọ máa ń kún lóṣooṣù: ta ló ń ṣe kí ni, níbo, nígbà wo, fún ta? Ìbéèrè márùn-ún péré. Àwọn kan máa ń kún un bí ẹni tó ń san gbèsè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú fọ́ọ̀mù yẹn la ti ń rí i pé àjọ márùn-ún wà ní ibùdó tó wà lẹ́bàá títì ọ̀dà, tí ẹyọ kan kò sì sí ní ibùdó tó wà lódìkejì odò. Bí ẹ bá kọ iye ọmọ tí ẹ gbèrò láti kọ́ dípò iye tí ẹ ń kọ́ gan-an, ẹ ti bo àwọn ọmọ kan mọ́lẹ̀, torí ẹni tó wò ó yóò gbà pé ẹnì kan ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kíka ọmọ kò rọrùn tó bí ẹ ṣe rò

Iye ọmọ mélòó la ń bá lọ? Níbí ni ìṣirò ti máa ń bàjẹ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ kì í ṣe ìwé tí a fi ń ka ọmọ ilé ìwé. Ibi tí oúnjẹ bá wà, ìdílé máa ń kọ orúkọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà mọ́ tiwọn. Ẹ má bínú sí wọn, ebi ló ń pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹ bá ṣí ilé ìwé lọ́jọ́ tí ẹ ń pín báàgì, ọmọ yóò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì ìdajì wọn lè má padà wá mọ́. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tó ń wá. Ẹ ka àwọn tó jókòó ní kíláàsì, ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí yín, láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Ẹ kà á lọ́jọ́ ọjà pẹ̀lú. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín oúnjẹ, ẹ ó rí ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kó wà lójú ewé kan nínú rẹ́jísítà: orúkọ ọmọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é àti bó ṣe wà nínú ìwé, bó bá ní ìwé, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ibi tó ti wá, kíláàsì tó parí kẹ́yìn, èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ, èdè tó ń sọ nílé, ẹni tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tó bá sọ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ni òun ń gbé, kò sí àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn tó ń bójú tó ààbò ọmọdé létí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má sì bèèrè pé, "Ṣé ọmọ yìí jẹ́ aláàbọ̀ ara?" Òbí púpọ̀ yóò ní rárá, torí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù. Ẹ lo irú ìbéèrè tí Washington Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò bí a ṣe ń ka àwọn aláàbọ̀ ara, ṣe ètò rẹ̀: ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti ríran? Láti gbọ́ràn? Láti rìn? Láti rántí nǹkan? Ẹ bèèrè bí ìṣòro náà ṣe le tó. Èyí ni ẹ ó fi mọ̀ pé ọmọ kan gbọ́dọ̀ jókòó níwájú, pé òmíràn nílò ọ̀nà tó tẹ́jú dé ẹnu ilẹ̀kùn.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ẹ tó pinnu ibi tí ilé ìwé yóò wà àti àkókò tí yóò máa wọlé, ẹ pe àwọn òbí, ẹ pe àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì pe àwọn obìnrin lọ́tọ̀. Àwọn ọkùnrin lè sọ pé ibi gbalasa tó wà lẹ́yìn ibùdó dára. Àwọn ìyá ni yóò sọ fún yín pé ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé rìn fún ọmọbìnrin.

Àyè, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan papọ̀. Ká ní ibùdó kan ní ọmọ 1,200 tó yẹ kó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdajì ọkùnrin, ìdajì obìnrin. Bí a bá fi ọmọ 40 sí ọwọ́ olùkọ́ kan, a nílò olùkọ́ 30. Bí àwọn kan bá ń wọlé láàárọ̀ tí àwọn yòókù ń wọlé lọ́sàn-án, yàrá 15 tó. Ìlànà Sphere tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ọmọbìnrin 30, ọ̀kan fún ọmọkùnrin 60. Ọmọ 600 ni yóò wà nínú ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà 10 fún obìnrin, 5 fún ọkùnrin, pẹ̀lú ti àwọn olùkọ́ lọ́tọ̀. Omi mímu àti omi ìfọwọ́ jẹ́ lítà 3 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Èyí já sí lítà 3,600, láìtíì ka omi tí a ó fi fọ ilẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé àgọ́ kọ́ ló le jù nínú ìṣirò yìí? Olùkọ́ 30 ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣì dúró lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti ń fi ilé ìwé sílẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ní ìkọ́ láti inú. Kí ti obìnrin jìnnà sí ti ọkùnrin, kó má jẹ́ pé ògiri kan náà ni wọ́n jọ pín. Kí omi wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, kí agbọ̀n ìdalẹ̀nù oníderí sì wà. Bí ẹni tó kọ́ ọ bá kọ́ ọ tán tí kò sí ẹni tí a yàn láti máa fọ̀ ọ́, tí a kò sì fi owó ọṣẹ sínú ìṣirò, láàárín oṣù mẹ́ta kò ní sí ẹni tí yóò lè wọ ibẹ̀.

Àgọ́ ńlá tó gùn tó mítà 12, tó fẹ̀ tó mítà 6, gba ọmọ 40 dáadáa. Ṣùgbọ́n oòrùn àti ìjì yóò jẹ ẹ́ tán láàárín ọdún kan sí méjì, ooru inú rẹ̀ lọ́sàn-án sì lè mú ọmọ sùn lọ. Ẹ ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, ẹ gbé e síbi ìbòòji, ẹ gbẹ́ kòtò ìṣàn omi yí i ká kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ kọ́ èyí tó ní òrùlé páànù àti ògiri tí kò ga dókè, kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó sá dé máa ń sùn sí yàrá ìkàwé ìlú tó gbà wọ́n. Ìgbà ìwọlé dé, àwọn onílùú fẹ́ ilé ìwé wọn padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọlọ́pàá lé wọn. Ẹ bá àwọn tó ń bójú tó ilé gbígbé sọ̀rọ̀ ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, kí ibòmíràn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù rẹ̀. Kí ẹ sì tún ilé ìwé yẹn ṣe kí ẹ tó dá a padà: àga tí wọ́n fi dáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti kún. Nínú gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe, ẹ rí i pé ọmọ onílé jẹ nínú rẹ̀. Bí ọmọ ogúnléndé bá ní ìwé tuntun tí ọmọ onílé ń fi ìwé gbígbó kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkórira ni ẹ ń gbìn.

Ní ti ohun èlò, n kò ní pẹ́. UNICEF ní àpótí irin kan tí wọ́n ṣe fún olùkọ́ kan àti ọmọ 40: ìwé àkọsílẹ̀, pẹ́ńsùlù, ìrésà, aago onígi tí a fi ń kọ́ àkókò, ohun ìṣirò kéékèèké. Ọ̀dà wà nínú rẹ̀ tí a lè fi kun ideri àpótí náà kó di pátákó ìkọ̀wé. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wúlò níbi gbogbo láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá ilé ìwé á ti í mọ́ inú ọ́fíìsì, torí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kó ṣírò pẹ́ńsùlù tó sọnù. Ẹ sọ fún un lójú olùkọ́ gbogbo pé pẹ́ńsùlù tó tán lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tó sọnù.

Ta ni yóò kọ́ wọn?

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Níbo la ti ń rí olùkọ́ 30? Inú àwọn ogúnléndé fúnra wọn ni. Níbi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí mẹ́rin ènìyàn bá sá dé, olùkọ́ wà láàárín wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà, ẹni tó parí girama wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kéde, ẹ kọ orúkọ. Lẹ́yìn náà ẹ fún wọn ní ìdánwò kékeré nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, kí oníkálukú sì kọ́ ọmọ ní ìṣẹ́jú 15 lójú yín. Ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jóná mọ́ ilé. Ìṣẹ́jú 15 yẹn yóò fi hàn yín ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́.

Bí obìnrin kò bá pọ̀ nínú wọn, ẹ má dúró de obìnrin tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú ẹni tó kàwé díẹ̀, ẹ fi í ṣe igbákejì olùkọ́, ẹ kọ́ ọ lórí iṣẹ́. Ibi tí obìnrin bá wà ní kíláàsì, ọkàn àwọn òbí máa ń balẹ̀ láti fi ọmọbìnrin wọn ránṣẹ́.

Owó wọn ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò jẹ́ kí ogúnléndé gba iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba, nítorí náà owó ìtọ́jú ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe owó oṣù. Bó ṣe rí nìyẹn ní ibùdó ogúnléndé Kakuma àti Dadaab ní Kenya, níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti jẹ́ ogúnléndé, tí ohun tí wọ́n ń gbà sì kéré gan-an sí ti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Kenya tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kí ni alákòóso lè ṣe sí i?

Àkọ́kọ́, kí gbogbo àjọ san iye kan náà, kí wọ́n fẹnu kò lé e lórí níwájú iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àjọ kan bá ń san ju èkejì lọ, olùkọ́ yóò kúrò láàárín sáà, ọmọ 40 yóò wà láìní ẹni tó ń kọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Èkejì, kí ọjọ́ ìsanwó má yẹ̀. Oṣù kan tí owó kò wọlé, olùkọ́ á lọ ṣe lébìrà, torí òun náà ní ọmọ nílé. Ẹ̀kẹta, ní gbogbo olùkọ́ 10, ẹ kọ́ ẹnì kan sí i tí yóò rọ́pò ẹni tó bá ṣàìsàn, tó bí ọmọ, tàbí tó rí ìwé ìrìnnà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ńkọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún ní hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì kí ilé ìwé tó ṣí, lórí nǹkan mẹ́rin péré: bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń pín ọmọ púpọ̀ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ìwé ìlànà ìwà, àti bí a ṣe ń mọ ọmọ tí ẹ̀rù ogun ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdajì ọjọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nínú ọgbà ilé ìwé, pẹ̀lú ẹni tó ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì wọn tó sì ti rí ibi tó kù sí. Ẹ má gbàgbé pé olùkọ́ yìí fúnra rẹ̀ lè ti pàdánù àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ wá àyè kan lóṣù tí àwọn olùkọ́ yóò jókòó pọ̀ láìsí ìjábọ̀ kankan láti kún, kí wọ́n lè sọ èyí tó wà lọ́kàn wọn.

Ìwé ẹ̀rí ta ni?

Igi gánganrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìlànà ẹ̀kọ́ ta la ó fi kọ́ àwọn ọmọ yìí? Bí wọ́n bá wà nínú orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá ẹnubodè, àwọn òbí yóò ní kí ẹ lo ti ilé, torí wọ́n gbà pé àwọn ń padà lọ láìpẹ́. Ta ló fẹ́ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní padà sílé lọ́dún yìí? Àmọ́ ẹ wo Dadaab, 1991 ni wọ́n ṣí i. Ẹ wo Kakuma, 1992. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ nígbà náà lè ti di òbí nísinsin yìí.

Bí ẹ bá lo ìlànà ilé, ta ni yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá? Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà? Àwọn ará Sudan tó sá wọ ìlà-oòrùn Chad láti 2003 fi ìlànà ẹ̀kọ́ Sudan kọ́ ọmọ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí i sí ìlànà Chad. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ lè ṣe ìdánwò ìjọba, kó lọ sí girama, kó sì gba ìwé tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Èrò tèmi ni pé bí kò bá sí ẹ̀rí tó dájú pé àwọn ènìyàn ń padà láàárín ọdún kan, ìlànà orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n ló dára jù, pẹ̀lú èdè àti ìtàn ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àfikún. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn òbí ní gbangba, ẹ fún wọn láyè láti bínú.

Ìyípadà yìí ní iṣẹ́ nínú. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa ní èdè kan yóò kùnà nínú rẹ̀ ní èdè mìíràn. Ẹ ṣètò kíláàsì èdè kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀, kí olùkọ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì wà nítòsí. Ẹ má sì dá ọmọ ọdún 12 padà sí kíláàsì kìíní nítorí èdè nìkan.

Ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò sì wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti kọ́ ọdún mẹ́fà tí wọn kò ṣe ìdánwò àṣekágbá, nítorí ìwé ọjọ́ ìbí tí wọn kò ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹ bèèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, iye owó rẹ̀, àti ìwé tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó sọ pé wọ́n lè lo káàdì ogúnléndé tàbí ìwé ìbúra dípò. Ìlérí ẹnu kò tó, torí òṣìṣẹ́ tó ṣèlérí lè ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá dé.

Ní ti àwọn tó ti kàwé gíga kí wọ́n tó sá, Àdéhùn Lisbon ti 1997 ní Yúróòpù sọ ní abala VII pé kí orílẹ̀-èdè wá ọ̀nà láti yẹ ìmọ̀ ogúnléndé wò kódà bí ìwé rẹ̀ kò bá pé. Láti 1992 ni ètò DAFI, tí ìjọba Jámánì ń fowó sí tí UNHCR ń darí, ti ń rán ogúnléndé lọ sí yunifásítì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ girama nípa irú ètò báyìí. Ọmọ tó mọ̀ pé ọ̀nà wà níwájú ń dúró ní kíláàsì.

Àwọn tó ti dàgbà ju kíláàsì wọn lọ

Ọmọ ọdún 14 tí kò kàwé rí, ẹ fi í sáàárín ọmọ ọdún 6. Ọjọ́ mélòó ni yóò lò? Ìtìjú yóò lé e jáde. Ètò ẹ̀kọ́ akánkán ni tirẹ̀: iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tí a ṣà jọ sí ọdún mẹ́ta, fún àwọn láti bí ọdún 10 sí 18. Àkókò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìgbésí ayé wọn mu, torí àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń tọ́mọ. Ìdánwò ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìjọba. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ọmọ kékeré á sá kúrò ní ilé ìwé gbogbogbòò wá síbẹ̀ nítorí pé ó yá. Ẹ má gba ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kíláàsì mu.

Owó àti kàlẹ́ńdà

Owó ìrànwọ́ sábà máa ń jẹ́ ti oṣù 6 tàbí 12. Ọdún ẹ̀kọ́ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ẹ wò ó: owó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January, wọ́n fọwọ́ sí i ní March. Ríra ohun èlò láti òkèèrè lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láti ìgbà tí ẹ kọ ìwé ìbéèrè títí dé ìgbà tí ẹrù yóò jáde ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè. Ilé ìwé wọlé ní September, owó parí ní December. Sáà kan ṣoṣo ni ọmọ rí jẹ nínú owó ọdún kan. Nítorí náà, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìwọlé, kì í ṣe síwájú láti ọjọ́ tí owó dé. Ẹ ra ohun tí ẹ bá lè rà nítòsí. Ẹ fi owó olùkọ́ ṣáájú nínú ìṣirò, ẹ sì rí i pé owó olówó méjì kò parí lóṣù kan náà.

Ẹ ó rí i pé ó máa ń rọrùn láti rí owó fún ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò: àgọ́, báàgì, yàrá tuntun. Ó ṣòro fún owó olùkọ́. Ẹ bá àwọn olówó sọ òtítọ́ yìí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Yàrá 15 láìsí olùkọ́, ibi ìkẹ́rùsí ni yóò dà.

Ààbò

Ọmọ tí a kó jọ sójú kan, a ti fi sí ewu bí a kò bá ṣọ́ra. Ní Oslo ní 2015, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìkéde kan láti dáàbò bo ilé ìwé nígbà ogun. Bí ọmọ ogun bá ń fi ilé ìwé ṣe ibùsùn, ilé ìwé náà ti di ibi tí ọ̀tá lè kọlù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, ẹ gbé e lọ sókè nípasẹ̀ ìgbìmọ̀, kì í ṣe nípa bíbá ọ̀gá ológun jà lójú ọ̀nà. Ẹ má fi rẹ́jísítà sílẹ̀ lórí tábìlì. Orúkọ àti ibi tí ọmọ ti wá lè pa á bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ń wá ìdílé rẹ̀.

Gbogbo olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìlànà ìwà kí ó tó kọ́ ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kò sí lílù, kò sí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, kò sí gbígba ohunkóhun nítorí máàkì. Ìwé yẹn kò wúlò bí ọmọ kò bá mọ ibi tí yóò ti fẹjọ́ sùn. Àpótí ẹ̀sùn nìkan kò tó. Ọmọ kíláàsì kìíní kò mọ̀wé kọ, àpótí sì sábà máa ń wà lójú fèrèsé ọ̀gá ilé ìwé. Bó bá jẹ́ ọ̀gá náà ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Kí ọ̀nà tó mẹ́ta ó kéré tán: àpótí, nọ́ńbà fóònù, àti obìnrin kan nínú ibùdó tí àwọn ọmọ fọkàn tán. Bí ẹ̀sùn bá dé, ẹ má ṣe ìwádìí fúnra yín, ẹ má pe ọmọ àti olùkọ́ sójú kan. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń bójú tó ààbò ọmọdé láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì mú olùkọ́ náà kúrò ní kíláàsì títí wọn yóò fi parí ìwádìí.

Nígbà tí ibùdó bá fẹ́ tú

Àwọn ènìyàn yóò padà sílé, tàbí ìjọba yóò ní kí wọ́n ṣí lọ, tàbí owó àjọ yín yóò parí. Ẹ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ bá iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé tó lè gba àwọn ọmọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìyípadà ilé ìwé tó ní kíláàsì rẹ̀, máàkì rẹ̀, èdè tí a fi kọ́ ọ, òǹtẹ̀ ilé ìwé àti ìbuwọ́lù ẹnì kan láti iléeṣẹ́ ìjọba, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀kan lọ́dọ̀ àjọ. Kí rẹ́jísítà lọ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí.

Àwọn olùkọ́ náà ńkọ́? Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọmọ nínú àgọ́ gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà tó sọ kíláàsì tó kọ́, ẹ̀kọ́ tó kọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pẹ̀lú iye wákàtí rẹ̀. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé "ó ṣiṣẹ́ dáadáa". Ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ọ̀gá ilé ìwé tí kò mọ̀ yín rí yóò fi lè gbà á síṣẹ́. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ tó dé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè.